Ìyá Tó Gun Ọ̀kadà Lọ Nídìí Ilé Gogoro Àwọn Cham

Àwa tí a ń kó èèyàn rìnrìn àjò, kì í ṣe kí ọkọ̀ òfúrufú já ló ń bà wá lẹ́rù jù. Bí ọkọ̀ bá já, gbogbo wa la jọ wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni kí a ka orí, kí orí má pé.

Ọ̀sán gangan ni, lórí òkè kan lẹ́bàá ìlú Phan Rang, ní agbègbè Ninh Thuan létí òkun ilẹ̀ Vietnam. Oòrùn ń ta bí ẹni pé àwa gan-an ni wọ́n rán an sí. Lẹ́yìn mi ni ilé gogoro mẹ́ta tí àwọn ọba ẹ̀yà Cham fi bíríkì pupa kọ́ láti ayébáyé. Níwájú mi ni bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn ará ìjọ wa wá, gbogbo wọn láti Dublin ní ilẹ̀ Ireland. Mo kà wọ́n. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, mo kà wọ́n wá síwájú, bóyá orí tó kù á yọ láti apá ibẹ̀. Ẹnì kan dín. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó mọ ẹni tó dín: Màmá Ìṣàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé orí òkè náà.

Ọ́fíìsì wa wà ní Swords, lẹ́bàá Dublin, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe. Ó sún mọ́ pápákọ̀ òfúrufú débi pé bí ọkọ̀ bá ń gbéra, omi tíì a máa gbọ̀n nínú ife. Noreen, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Ireland kan láti Coolock tí kì í fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀, ló ni ilé iṣẹ́ náà. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pápákọ̀ òfúrufú yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń wọn ẹrù àwọn èrò. Mo ti bá ẹgbàágbèje èèyàn wọn ẹrù lọ síbi tí èmi fúnra mi ò dé rí. Ìdí tí mo fi lọ bẹ Noreen pé kó gbà mí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, ó jókòó tì mí, ó ní, "Bùnmi, má da iṣẹ́ méjì pọ̀ o. Afinimọ̀nà ni ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ tó mọ ọba tó kọ́ ilé. Aṣíwájú ìrìnàjò, èyí tó jẹ́ ìwọ, ni ẹni tó mọ ibi tí tọ́lẹ́ẹ̀tì wà. Èwo lo rò pé wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè?"

Òun náà ló kọ́ mi ní orí-kíkà. Kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì, ka orí. Tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ tán, tún un kà. Ó ní báàgì tó sọnù ò lọ́mọ nílé tó máa pe agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n èèyàn tó sọnù ní.

Noreen ló mú àbá náà wá pé kí n kó àwọn ará ìjọ mi rìnrìn àjò. "Ìjọ yín kún fọ́fọ́. Ṣé wọn kì í lọ sinmi ni?"

"Wọ́n ń lọ sí Nàìjíríà, wọ́n ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì ń lọ sílé àbúrò wọn ní London."

"Èyíkéyìí nínú rẹ̀ kì í ṣe ìsinmi," ni Noreen wí.

Bí mo ṣe dìde lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan nìyẹn, tí mo ròyìn etíkun Ninh Thuan: iyanrìn funfun, omi tó mọ́ gaara, ọgbà àjàrà, ẹja tútù. Òkun ni mo sọ púpọ̀, mo sì fi ohùn kékeré sọ ti ilé gogoro, nítorí pé àwọn Cham ṣì ń ṣe ìsìn àbáláyé wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n etí Díkìnnì Akin kì í di. Bàbá yìí ló ń rí sí ètò nínú ìjọ wa, kò sì sí ohun tó máa ń bọ́ mọ́ ọn lójú.

"Sista Bùnmi, ilé gogoro wo nìyẹn?"

"Ilé àtijọ́ ni, sà."

"Ṣé kì í ṣe ilé òrìṣà?"

"Ó ti pẹ́ gan-an, sà."

Ó fi orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn, ó ní òun máa tẹ̀ lé wa nítorí kí nǹkan má baà bàjẹ́.

Màmá Ìṣàn ló tẹ̀ lé e. Ọmọ Ìṣàn-Èkìtì ni, ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Yétúndé, ló ń gbé ní Adamstown, òun ló sì ń tọ́jú àwọn ọmọ nígbà tí ìyá wọn bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bùnmi, ṣé òkun gidi ni, àbí irú tibí tí èèyàn ń wọ kóòtù lọ wò?"

"Gidi ni, mà. Omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Kọ orúkọ mi sílẹ̀."

"Ṣé Yétúndé mọ̀, mà?"

"Yétúndé mọ̀ pé etí òkun ni mò ń lọ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi." Ó wò mí lójú kòró bó ti ń sọ ọ́. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wá mọ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

A dé ibẹ̀ láyọ̀. Díkìnnì Akin wọ òkun tòun ti ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀, ó ní òun ò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Màmá Ìṣàn jókòó sí ẹnu omi, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, nígbàkígbà tí ìgbì bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rin ní gìgísẹ̀. Kò ṣe ohun mìíràn ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wò ó, mo ní iṣẹ́ mi dára.

Lọ́jọ́ kejì la lọ sí ilé gogoro. Dang ni orúkọ afinimọ̀nà wa, ọmọ Cham ni òun fúnra rẹ̀, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Ó fi ọwọ́ pa ara ògiri, ó ní kí a wá a bóyá a máa rí ohun tí wọ́n fi lẹ bíríkì mọ́ra. A ò rí nǹkan kan. Ó ní títí di òní, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ ìdílé: "Lọ́dọ̀ wa, tí a bá ṣègbéyàwó, ọkọ ló ń kó lọ sílé ìyàwó. Ọmọbìnrin ló sì ń jogún ilé."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá Ìṣàn, torí etí rẹ̀ kì í mú Gẹ̀ẹ́sì Dang.

"Tún un wí," ni Màmá wí.

Mo tún un wí.

Ó yíjú sí bọ́ọ̀sì. "Díkìnnì! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ní wọ́n ń ṣe níbí?"

Díkìnnì ò gbọ́. Inú bọ́ọ̀sì ló kúkú jókòó sí láti àárọ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ilé abọ̀rìṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó lọ jẹun, bọ́ọ̀sì sì gbóná bí ààrò. A rí Díkìnnì tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń nu ojú, tó ń bọ̀ títí tó fi dúró sábẹ́ òjìji ilé gogoro tó tóbi jù.

"Òjìji kì í ṣe òrìṣà," ló kọ́kọ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè.

Àwa tí à ń rẹ́rìn-ín, a ò mọ̀ pé ìgbà tí ojú wa wà lára rẹ̀ yẹn ni Màmá Ìṣàn yọ́ lọ. Nígbà tí mo ka orí tán tí kò pé, a wá a lẹ́yìn ère màlúù olókùúta, a wá a ní tọ́lẹ́ẹ̀tì, a wá a níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ìrántí. Dang bi obìnrin kan tó ń ta omi nísàlẹ̀ òkè. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí orí ara rẹ̀ ká bí ẹni tó ń wé gèlè, ó wá ṣe bí ẹni tó ń gun ọ̀kadà.

Dang túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ìyá kan tó wé nǹkan ńlá sórí gun ọ̀kadà lọ pẹ̀lú obìnrin tó ń ta ìkòkò níbí. Wọ́n gba ọ̀nà abúlé àwọn amọ̀kòkò."

"Wọ́n ti gbé e lọ!" ni Díkìnnì Akin kígbe.

Dang bi obìnrin náà léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ó ní ìyá yẹn gan-an ló kọ́kọ́ gun ọ̀kadà náà. Obìnrin oníkòkò ṣì ń palẹ̀ ọjà mọ́."

A wọ bọ́ọ̀sì, a sáré tẹ̀ lé wọn. Ọkàn mi ti ń bá Yétúndé sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń wá gbólóhùn tí èèyàn fi ń tú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yà mí lẹ́nu ni pé àyà àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Màmá ò já. Ọ̀kan ń jẹ àjàrà.

Ariwo ẹ̀rín ló júwe ilé náà fún wa. Àwọn obìnrin Cham pọ̀ nínú àgbàlá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Màmá Ìṣàn wà láàárín wọn, ó ti ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, ó tẹ̀ba lé ìkòkò amọ̀ kan tó wà lórí ìtì, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú ìkòkò, èkejì wà níta. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Amọ̀ á dúró sójú kan, ẹni tó ń mọ ọ́n ló máa ń yí i ká.

"Màmá!" ni mo ké. "Ẹ pa mí o!"

"Bùnmi, wá wò ó. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nìyí. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni ọwọ́ mi ò ti kan amọ̀." Kò dúró. "Mo rí ìkòkò lọ́wọ́ obìnrin yìí nídìí òkè. Mo fi ìka kàn án, ó dún. Mo fi hàn án pé mo mọ̀ ọ́n mọ. Òun náà fi ọ̀kadà hàn mí."

"Èdè wo lẹ wá fi bá ara yín sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ wo ló kù tá a fẹ́ sọ?"

Inú bí mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni fóònù ti ké nínú báàgì rẹ̀.

"Bá mi gbé e, ọwọ́ mi dọ̀tí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Fídíò ni. Ojú Tèmi, ọmọ Yétúndé, ló kún gbogbo rẹ̀, ó ti wọ aṣọ ilé-ìwé. Yétúndé fúnra rẹ̀ yọ lẹ́jìká ọmọ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn.

"Màámi, ẹ káàárọ̀ o. Báwo ni Galway?"

Galway kẹ̀, ìlú etí òkun ní Ireland? Mo wo Màmá. Màmá wo ìkòkò.

"Galway dáa," ló wí, kò gbórí sókè.

"Ẹ ò sí nínú ìpàdé àdúrà ni?"

"A ti gbà á tán. Iṣẹ́ ọwọ́ ló kàn."

"Oòrùn wo wá nìyẹn? Òjò ò dá níbí láti àná."

"Ọlọ́run ló ṣe é."

Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá kan tó dé fìlà koríko gbọọrọ da ẹfọ̀n kan kọjá lẹ́yìn Màmá, ìwo rẹ̀ tóbi bí ọrun. Dublin ni wọ́n bí Tèmi sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n kì í fi í fèsì. Ó fi imú kan fóònù.

"Mam, that's not Galway, like."

Mo sáré yí fóònù kúrò lọ́dọ̀ ẹfọ̀n náà, ojú èmi fúnra mi ló wá hàn nínú rẹ̀. Yétúndé gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Sista Bùnmi? Ṣé ẹ̀yin lẹ mú fóònù yẹn? Kí lẹ ń ṣe ní Galway?"

Ìbéèrè náà dára. Mo ní, "Vietnam la wà o, Yétúndé. Mo rò pé o mọ̀."

Mi ò ní tún gbogbo ohun tó sọ sọ. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé ìyá òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní òun máa fẹjọ́ mi sun ọ̀gá mi, òun máa dé ọ̀dọ̀ Pásítọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Màámi, tí nǹkan bá ṣe yín níbẹ̀ ńkọ́? Èmi á máa wá yín kiri ní Galway?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Màmá lára. Ó fi ìkòkò sílẹ̀, ó nà ró, ó bọ́ síwájú fóònù.

"Yétúndé, ká ní mo béèrè lọ́wọ́ rẹ, kí lo máa wí?"

"Màá ní rárá."

"Ohun tó jẹ́ kí n má béèrè nìyẹn. Má bínú sí Bùnmi, kò mọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ, o sì mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé Ireland, ọ̀nà ilé-ìwé àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo mọ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀nà kan kún un kí n tó kú. Ó ti tó. Amọ̀ mi ń gbẹ."

Ó fi ìka eléérí tẹ bọ́tìnnì pupa.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́. Gbogbo wọn pátá ló mọ̀! Ọ̀kan nínú wọn ti fi àwòrán òkun Galway ránṣẹ́ sí Yétúndé lọ́jọ́ tá a gbéra, pé Màmá ti dé láyọ̀. Èmi àti Díkìnnì nìkan ni a ò mọ̀. Díkìnnì jókòó sórí àpótí kan, ó wò mí, ó ní, "Sista, wọ́n fi wá ṣe ọmọdé."

Kò pẹ́ tí Noreen fi pè mí. Yétúndé ti pè é.

"Ṣé ìyá yẹn wà láàyè?"

"Ó wà."

"Ṣé inú rẹ̀ dùn?"

"Ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ."

"Grand, ó dáa," ni Noreen wí. Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n tó bá fi lè wúkọ́ lásán, ìwọ àti èmi la jọ máa wáṣẹ́."

Láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti di ẹ̀ṣọ́. Bí Màmá bá dìde, mo dìde. Mo ní kí n bá a wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì fa tirẹ̀ yọ látinú àpótí, pẹ̀lú oògùn tó pé pérépéré. Ìyá náà ti palẹ̀ irọ́ rẹ̀ mọ́ dáadáa kó tó kúrò nílé. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wọ̀n ọ́n. Kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni orí ń fọ́.

Lọ́jọ́ tá a máa padà, obìnrin oníkòkò náà gun ọ̀kadà wá bá wa ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó ti fi koríko àti igi sun ìkòkò Màmá. Ìkòkò náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, iná sì ti fi dúdú àti pupa ya ara rẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ní Cham, ọ̀kan ní Yorùbá Èkìtì, kò sì sí èyí tó dá èkejì dúró.

Ní Dublin, bí a ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tí àwọn èrò ń gbà jáde, Màmá fà sẹ́yìn.

"Ìwọ kọ́ ni aṣíwájú? Ṣíwájú."

Yétúndé dúró síbẹ̀ pẹ̀lú Tèmi, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárín èrò, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le koko. "Ẹ káàbọ̀, mà."

Màmá tú ìkòkò jáde nínú gèlè tó fi wé e, ó gbé e lé e lọ́wọ́ níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Kí lèyí?"

"Èmi ni mo mọ ọ́n."

"Ẹ̀yin? Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá mi. Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi nìyẹn. Ìkòkò ló rán mi nílé-ìwé."

Yétúndé fi ọwọ́ yí ìkòkò náà ká. "Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ la máa ń sọ."

Tèmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìkòkò, ó ní ó wọ́. Ẹ̀rín gba ẹnu Yétúndé kó tó lè dá a dúró. Ó dìde, ó so mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ó sì pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lọ, ó bojú wẹ̀yìn. "Sista Bùnmi, ọ̀rọ̀ wa ṣì kù o."

Ọ̀rọ̀ náà dé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Noreen ló rí i lójú fèrèsé. "Obìnrin kan ń bọ̀ lókè. Ó ń rìn bí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn lẹ́jọ́." Mo gbé ojú lé kọ̀ǹpútà bí ẹni tó níṣẹ́.

Yétúndé jókòó níwájú mi, kò bọ́ kóòtù. Ó ní òun ti wá ẹni tó ń mú àwọn ọmọ nílé-ìwé láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyá òun ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ amọ̀ ní Lucan. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tó ń yí, ó ní kí wọ́n pa á, ariwo rẹ̀ pọ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí tábìlì ká, gbogbo kíláàsì sì ti ń fi ẹ̀yìn rìn tẹ̀ lé e.

"Ó ti wá ń sọ òótọ́ fún mi báyìí nípa gbogbo ibi tó fẹ́ lọ," ni Yétúndé wí. "Sista Bùnmi, nígbà tó ń purọ́ fún mi, mò ń sùn."

Noreen gbé tíì wá. Yétúndé mu díẹ̀, ó gbé ife kalẹ̀.

"Ẹ fi òkun yẹn hàn mí."

Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Mo fi iyanrìn hàn án, mo fi ilé gogoro hàn án, mo fi Màmá rẹ̀ hàn án lẹ́nu omi, ẹnu rẹ̀ là gbàgà fún ẹ̀rín. Ibẹ̀ ló dúró sí. Kò jẹ́ kí n ṣí òmíràn títí tíì rẹ̀ fi tutù.

"Ìgbà wo lẹ tún ń lọ?"

"Lẹ́yìn Àjíǹde."

"Ẹ fi orúkọ mi sí i. Èmi nìkan. Màámi á dúró ti àwọn ọmọ."

"Ṣé Màmá ti gbà?"

Yétúndé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sista Bùnmi, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ mi sílẹ̀ ná."